Kí Ẹgbẹ́ Tó Ra Ẹ̀rọ Gàrí

Láti Kétu dé Pobẹ̀, láti Sakété dé Ṣábẹ̀ẹ́, ariwo kan wà tí etí gbogbo ènìyàn ti mọ̀. Bí oòrùn bá ti ń yọ, ẹ́ńjìnnì tí ń rin ẹ̀gẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Àwọn obìnrin á ru abọ́ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti bó, wọ́n á tò sí ìdí rẹ̀, wọ́n á san owó, wọ́n á sì gbé ẹ̀gẹ́ rírin lọ. Iṣẹ́ tí ọwọ́ ń ṣe láti àárọ̀ di alẹ́ lórí páànù tí a fi ìṣó lu, ẹ́ńjìnnì á ṣe é tán ní ìṣẹ́jú díẹ̀.

Nítorí náà, bí àwọn obìnrin mélòó kan bá kó ara wọn jọ láti dá ilé-iṣẹ́ gàrí kékeré sílẹ̀, tí owó àjọ wọn sì pé, ẹ̀rọ yìí ni ojú wọn kọ́kọ́ ń lọ sí. Ó ń ké, ó ń sáré, gbogbo ìlú ni yóò mọ̀ pé ẹgbẹ́ náà ti ra nǹkan. Ṣùgbọ́n ariwo kọ́ ni èrè. Ẹ̀rọ tí a rà láìṣírò lè gbé gbogbo owó ẹgbẹ́ mì, kí ó sì wá dákẹ́ sábẹ́ igi máńgòrò, kí adìẹ máa yé ẹyin sínú rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá dákẹ́ báyìí, kì í ṣe irin nìkan ni ó bàjẹ́. Ìgbẹ́kẹ̀lé tí ó wà láàárín àwọn tí wọ́n jọ dá owó náà a máa bàjẹ́ pẹ̀lú. Ẹni tí ó ní kí wọ́n rà á á di ẹni ìbáwí, ẹgbẹ́ á sì tú ká.

Ìbéèrè tí ó yẹ kí ẹgbẹ́ kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ kì í ṣe: «Ẹ̀rọ wo ni ó dára jù?» Ìbéèrè náà ni: «Níbo ni iṣẹ́ wa ti ń dúró?» Ibi tí iṣẹ́ bá ti ń dúró ni owó yẹ kí ó kọ́kọ́ lọ.

Ọ̀nà tí ẹ̀gẹ́ ń tọ̀ kí ó tó di gàrí

Ẹ̀gẹ́, tí àwọn mìíràn ń pè ní gbágùdá tàbí pákí, kì í ṣe ohun ọ̀gbìn ilẹ̀ Áfíríkà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ó ti wá, àwọn Potogí ni wọ́n sì gbé e dé etíkun wa. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn Àgùdà tí wọ́n padà láti Bràsíìlì sí Àjàṣẹ́, Wídà àti Èkó wà lára àwọn tí wọ́n tan ìmọ̀ rẹ̀ kálẹ̀: bí a ti ń rin ín, bí a ti ń fún omi rẹ̀, bí a ti ń yan án. Láti ìgbà náà, irinṣẹ́ ti yí padà, ṣùgbọ́n ìpele iṣẹ́ náà kò yí padà.

Ìpele náà jẹ́ 7. Èkíní ni bíbó. Èkejì ni fífọ̀. Ẹ̀kẹta ni rírin. Ẹ̀kẹrin ni kíkan, nígbà tí ẹ̀gẹ́ rírin bá wà nínú àpò fún ọjọ́ kan sí mẹ́rin. Ẹ̀karùn-ún ni fífún omi rẹ̀ jáde. Ẹ̀kẹfà ni jíjọ̀ rẹ̀ nínú asẹ́. Èkeje ni yíyan nínú agbada.

Ìpele wọ̀nyí dà bí àwọn ènìyàn tí wọ́n tò láti gbé omi láti odò dé ilé. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá yára bí ẹṣin, tí ẹni ìkẹyìn sì ń rìn bí ìgbín, ilé kò ní tètè rí omi. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ kì í yára ju ìpele tí ó lọ́ra jù lọ nínú rẹ̀.

Ẹ̀gẹ́ kì í sì í dúró de ènìyàn. Bí a bá wú u nílẹ̀ tán, láàárín ọjọ́ 2 sí 3 ni inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Bí a bá rin ín tán, tí a kò sì rí agbada láti fi yan án ní àkókò, á kan ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹni tí ó ní ẹ̀rọ tí ń sáré níwájú, tí ó sì ní ààrò díẹ̀ lẹ́yìn, òun fúnra rẹ̀ ni ó fi owó ra òfò.

Ìṣirò ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni 8

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé ni, kí a fi ojú inú wo ẹgbẹ́ obìnrin 8. Wọ́n ti fi àjọ kó 500 000 fáránkì CFA jọ. Wọ́n ní agbada 2. Òkúta ńlá ni wọ́n ń gbé lé àpò láti fi fún omi ẹ̀gẹ́. Ẹlòmíràn ni ó ní ẹ̀rọ tí wọ́n ti ń rin ẹ̀gẹ́ wọn, wọ́n sì ń san owó fún un. Ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan wọ́n ń ṣe 1 000 kílò ẹ̀gẹ́. Àpẹẹrẹ ni gbogbo iye owó tí ó wà níhìn-ín. Kì í ṣe iye tí ọjà dá. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni yóò fi iye tí ó bá bá ní agbègbè tirẹ̀ rọ́pò wọn.

Bíbó ni àkọ́kọ́. Bí obìnrin kan bá ń bó 25 kílò láàárín wákàtí kan, àwọn 8 yóò bó 200 kílò. Wákàtí 5 ni wọn yóò fi bó 1 000 kílò. Èèpo àti ìdí ẹ̀gẹ́ á gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin, á wá ku 750 kílò.

Rírin ni ó tẹ̀ lé e. Bí ẹ̀rọ bá ń rin 500 kílò láàárín wákàtí kan, wákàtí kan àti ààbọ̀ péré ni yóò fi rin 750 kílò.

Fífún wá ńkọ́? Lábẹ́ òkúta, ó lè gba ọjọ́ 3 kí omi tó tán lára rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni yíyan. Ẹ̀gẹ́ kún fún omi: nínú kílò 5 ẹ̀gẹ́ tí a kó wá láti oko, nǹkan bí kílò kan gàrí ni ó ń jáde. 1 000 kílò yóò di nǹkan bí 200 kílò gàrí. Bí agbada kan bá ń yọ kílò 5 láàárín wákàtí kan, agbada 2 yóò yọ 10. Wákàtí 20 ni wọn yóò fi yan 200 kílò.

Ọ̀rọ̀ ti hàn kedere báyìí. Rírin gba wákàtí kan àti ààbọ̀. Yíyan gba wákàtí 20. Fífún gba ọjọ́ 3. Bí ẹgbẹ́ yìí bá kó gbogbo owó rẹ̀ ra ẹ̀rọ tí ń rin ẹ̀gẹ́, ibi tí iṣẹ́ kò ti dúró ni ó ná owó sí. Gàrí rẹ̀ kò ní fi kílò kan pọ̀ sí i.

Kí a rà á ni, àbí kí a máa sanwó?

Kí ẹgbẹ́ náà ṣe ìṣirò kejì. Bí ẹni tí ó ní ẹ̀rọ bá ń gba 1 000 fáránkì lórí 100 kílò, ẹgbẹ́ yóò san 7 500 fáránkì lọ́sẹ̀. Ó jọ owó púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá di ti ẹgbẹ́, ẹ̀rọ kì í mu omi lásán. Kí a sọ pé epo gba 3 000, ẹni tí ń bójú tó o gba 1 500, àtúnṣe sì gba 1 000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 5 500 fáránkì. Ohun tí ẹgbẹ́ jèrè lọ́sẹ̀ nípa níní ẹ̀rọ tirẹ̀ kò ju 2 000 fáránkì lọ. Bí ẹ̀rọ náà bá jẹ́ 500 000, ọ̀sẹ̀ 250 ni yóò fi san owó ara rẹ̀ padà. Èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún 5. Lójú ọ̀nà yẹn, kò sí fáránkì kan lọ́wọ́ ẹgbẹ́ láti fi ra ẹ̀gẹ́ tí ẹ̀rọ yóò rin.

Kí ó wá wo ọ̀nà kejì. Kí ó fi 180 000 ra ẹ̀rọ tí ń fún omi ẹ̀gẹ́, kí ó sì fi 120 000 kọ́ ààrò 2 sí i pẹ̀lú agbada wọn. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 300 000. Fífún kò ní gba ọjọ́ 3 mọ́. Pẹ̀lú agbada 4, wákàtí 10 ni yíyan yóò gbà dípò 20. Ẹgbẹ́ náà lè ṣe 1 000 kílò mìíràn nínú ọ̀sẹ̀ kan náà. Bí èrè orí 1 000 kílò bá jẹ́ 15 000 fáránkì, owó tí wọ́n ná yóò padà wọlé láàárín ọ̀sẹ̀ 20. 200 000 á ṣẹ́kù lọ́wọ́ wọn: 150 000 láti fi ra ẹ̀gẹ́ àti igi ìdáná, 50 000 fún àtúnṣe.

Èyí kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ra ẹ̀rọ tí ń rin ẹ̀gẹ́. Bí kò bá sí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nítòsí, tí àwọn obìnrin ń ru ẹ̀gẹ́ rin ìrìn kìlómítà 6 tàbí 7, ìṣirò á yí padà. Bí ẹgbẹ́ bá ń ṣe 4 000 kílò lọ́sẹ̀, èrè níní ẹ̀rọ á di 8 000 lọ́sẹ̀, á sì san owó ara rẹ̀ padà láàárín ọdún kan àti oṣù díẹ̀. Ẹ̀rọ kan náà lè jẹ́ ìbùkún fún abúlé kan, kí ó sì jẹ́ ẹrù fún òmíràn. Ìṣirò ni ó ń fi ìyàtọ̀ hàn.

Bí a ti ń yẹ ẹ̀rọ tí ń rin ẹ̀gẹ́ wò

Bí ìṣirò bá fi hàn pé ó yẹ kí ẹgbẹ́ rà á, kí ó kọ́kọ́ wo inú rẹ̀ kí ó tó wo ọ̀dà ara rẹ̀. Páànù oníhò tí ń rin ẹ̀gẹ́ ni ọkàn ẹ̀rọ náà. Omi ẹ̀gẹ́ kan, ó sì ń jẹ irin. Bí páànù náà bá jẹ́ irú èyí tí a fi ń bo ilé, kò ní pẹ́ dípẹtà, eyín rẹ̀ á kú, ìpẹtà á sì bọ́ sínú oúnjẹ. Irin tí kì í dípẹtà wọ́n, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́. Ẹgbẹ́ tí owó rẹ̀ kò pọ̀ kò nílò kí gbogbo ara ẹ̀rọ jẹ́ irú irin bẹ́ẹ̀. Ibi tí ẹ̀gẹ́ ti ń kan irin ni kí owó náà lọ. Ẹsẹ̀ ẹ̀rọ lè jẹ́ irin lásán tí a fi ọ̀dà kùn.

Lẹ́yìn náà ni ẹ́ńjìnnì. Èyí tí ó ń mu ẹ̀sáǹsì fúyẹ́, kì í sì í wọ́n púpọ̀ láti rà. Èyí tí ó ń mu epo gáàsì wúwo, ó sì wọ́n ju èkíní lọ, ṣùgbọ́n kì í mu epo tó o, ó sì ń pẹ́. Èyí tí ó ń lo iná mànàmáná kò ní èéfín, ìtọ́jú rẹ̀ sì rọrùn. Síbẹ̀ kí ẹgbẹ́ tó rà á, kí ó lọ bèèrè lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ iná bóyá okùn iná tí ó dé àdúgbò náà lè gbé e. Fún ẹgbẹ́ kékeré, ẹ́ńjìnnì tí agbára rẹ̀ jẹ́ ti ẹṣin 5 sí 8 sábà máa ń tó. Èyí tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ á kàn máa jẹ epo ni.

Ohun kan wà tí ó ṣe pàtàkì ju agbára lọ: ta ni yóò tún un ṣe? Ẹ́ńjìnnì tí àwọn tí ń lọ àgbàdo ní ìlú ń lò ni ó dára jù láti rà, nítorí pé alátùn-únṣe mọ̀ ọ́n, ohun èlò rẹ̀ sì wà lọ́jà. Ẹ́ńjìnnì àjèjì tí ó dán, tí kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ní gbogbo agbègbè, ọjọ́ tí ó bá kọ́kọ́ bàjẹ́ ni ìrìn-àjò rẹ̀ á dópin.

Kí ẹgbẹ́ má sì ra ẹ̀rọ tí bẹ́líìtì rẹ̀ wà ní gbangba. Bẹ́líìtì ni okùn rọ́bà tí ń so ẹ́ńjìnnì mọ́ ẹ̀rọ. Ó lè fa etí gèlè, ó lè fa ìborùn tí a fi pọn ọmọ, ó lè gé ìka. Ìbòrí irin tí a fi bò ó kò wọ́n. Igi ni kí a sì máa fi ti ẹ̀gẹ́ sínú ẹnu ẹ̀rọ. Kí ẹnikẹ́ni má fi ọwọ́ tì í.

Ẹ̀rọ tí ń fún omi ẹ̀gẹ́

Oríṣi 2 ni ó wọ́pọ̀. Èkíní ni ti síkúrù: ọ̀pá irin kan wà tí a ń yí, tí ó ń tẹ pákó mọ́ àpò. Èkejì ni ti jáàkì, irú èyí tí àwọn awakọ̀ fi ń gbé ọkọ̀ sókè. Jáàkì lágbára, kì í sì í rẹ apá. Ṣùgbọ́n epo wà nínú rẹ̀. Bí ó bá ń jò, epo náà lè kán sára ẹ̀gẹ́. Ẹgbẹ́ tí ó bá yàn án, kí ó máa yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́. Ti síkúrù ń fẹ́ agbára ọwọ́, ṣùgbọ́n kò ní ohun púpọ̀ tí ó lè bàjẹ́ lára rẹ̀. Kí férémù rẹ̀ jẹ́ irin tí ó nípọn, nítorí pé irin tẹ́ẹ́rẹ́ á tẹ̀ ní ọjọ́ tí àpò bá pọ̀.

Ẹ̀rọ yìí ń dín ọjọ́ iṣẹ́ kù, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ pa ọjọ́ tí ẹ̀gẹ́ fi ń kan rẹ́. Májèlé wà nínú ẹ̀gẹ́. Rírin, kíkan, fífún àti yíyan ni wọ́n jọ ń lé e jáde. Ẹni tí ó bá fò lára wọn nítorí kí ó lè yára, ó ń fi ìlera àwọn tí ń ra gàrí rẹ̀ ṣeré.

Omi tí ó ń jáde náà ní májèlé. Kí ẹgbẹ́ gbẹ́ ọ̀nà omi lọ sínú kòtò tí ó jìnnà sí kànga, kí ewúrẹ́ àti àgùntàn má sì lè dé ibẹ̀. Iye owó kòtò yìí jẹ́ ara iye owó ẹ̀rọ.

Ààrò tí kì í ṣe ọ̀tá ẹni tí ó jókòó tì í

Nínú gbogbo irinṣẹ́ ilé-iṣẹ́ gàrí, ààrò ni a sábà máa ń fojú fò. Òkúta 3 tàbí amọ̀ díẹ̀, ó parí. Síbẹ̀ ìdí rẹ̀ ni obìnrin ń jókòó sí fún ọ̀pọ̀ wákàtí, tí ooru ń nà án, tí èéfín ń wọ ojú àti àyà rẹ̀, nígbà mìíràn pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní ọdún 2020, èéfín iná ìdáná inú ilé fa ikú ènìyàn tí ó tó mílíọ̀nù 3,2 káàkiri ayé. Ikọ́ tí kì í lọ àti ojú tí ń ṣomi kì í ṣe owó orí tí obìnrin gbọdọ̀ san kí ó tó jẹun.

Ààrò tí ó dára kò nílò ẹ́ńjìnnì. Amọ̀ tàbí bíríkì ni a fi ń mọ ọ́n, tí agbada á jókòó sínú rẹ̀ dáadáa tí iná kò fi ní máa yọ ní ẹ̀gbẹ́. Ó ní ọ̀pá tí ń gbé èéfín gba orí òrùlé jáde. Ẹnu tí a ti ń ti igi bọ̀ ọ́ wà ní ìta tàbí ní ẹ̀yìn ògiri, kí ẹni tí ń yan gàrí má bàa dojú kọ iná. Gíga rẹ̀ sì jẹ́ kí a lè jókòó lórí àga tàbí kí a dúró, kí ẹ̀yìn má bàa tẹ̀. Irú ààrò yìí kì í jẹ igi púpọ̀, nítorí pé ooru kì í sá lọ lásán. Igi tí a kò jó jẹ́ owó tí ó wà nínú àpò.

Níbi yíyan náà sì ni orúkọ gàrí ti ń wá. Gàrí Savalou, tí a ń pè ní sohoui, jẹ́ àyànfẹ́ ní gbogbo ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ nítorí pé ó kúnná, ó gbẹ, ó sì ń ró lẹ́nu. Asẹ́ àti agbada ni wọ́n fún un ní ìyẹn. Ìlànà àgbáyé fún gàrí sọ pé kí omi inú rẹ̀ má ju ìdá 12 nínú 100 lọ. Gàrí tí kò gbẹ tó bẹ́ẹ̀ á bu nínú àpò, oníbàárà kò sì ní padà wá.

Àwọn irinṣẹ́ kéékèèké

Kí ẹgbẹ́ má gbàgbé ohun tí kì í ké. Ọ̀bẹ mímú fún ẹni kọ̀ọ̀kan ń gba àkókò là nídìí bíbó ju ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ lọ. Ẹ̀rọ tí ń bó ẹ̀gẹ́ wà, ṣùgbọ́n nítorí pé ẹ̀gẹ́ kì í rí bákan náà, ó sábà máa ń gé ara ẹ̀gẹ́ pọ̀ mọ́ èèpo. Fún ẹgbẹ́ kékeré, ọ̀bẹ ṣì ni. Asẹ́ 2 tí ojú wọn kò dọ́gba yóò jẹ́ kí ẹgbẹ́ lè ta gàrí kíkúnná lọ́tọ̀, kí ó sì ta èyí tí kò kúnná lọ́tọ̀. Àpò mímọ́ tí kò ru ajílẹ̀ rí, ọ̀rá ńlá tí a ń tẹ́ sílẹ̀ fún gàrí láti tutù, àti ike ńlá fún omi ìfọ̀ṣẹ́ wà lára ohun tí ó yẹ.

Ìwọ̀n kílò ni ó sì yẹ kí a rà ṣáájú ọ̀pọ̀ nǹkan. Abọ́ tongolo dára fún ọjà, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ń bù ú lè kún un, ó sì lè dín in. Ẹgbẹ́ tí kò mọ iye kílò ẹ̀gẹ́ tí ó wọlé àti iye kílò gàrí tí ó jáde kò lè mọ̀ bóyá èrè ni ó ń jẹ tàbí òfò.

Níbi tí a ti ń rà á, àti ìwé tí ó yẹ kí ó bá a rìn

Kò pọn dandan kí ẹ̀rọ ti òkè òkun wá. Iléeṣẹ́ Songhaï tí ó wà ní Àjàṣẹ́ láti ọdún 1985 ń ṣe ẹ̀rọ tí a fi ń sọ ohun oko di oúnjẹ. Àwọn alágbẹ̀dẹ tí ń jó irin wà ní ọ̀pọ̀ ìlú pẹ̀lú. Kí ẹgbẹ́ bèèrè iye owó lọ́wọ́ ẹni 3, ó kéré tán. Kí ó lọ sí ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ mìíràn tí ó ti ra irú ẹ̀rọ náà fún ọdún kan tàbí méjì, kí ó bi í ní ohun tí ó ti bàjẹ́ àti iye tí ó fi tún un ṣe. Ẹnu ẹni tí ó ti lò ó dùn-ún gbọ́ ju ẹnu ẹni tí ń tà á lọ.

Kí ẹgbẹ́ gbé ẹ̀gẹ́ tirẹ̀ dání lọ dán ẹ̀rọ wò kí ó tó san owó tán. Ẹ̀rọ tí ó ń yí lófìfo lè dákẹ́ nígbà tí ẹ̀gẹ́ bá kún ẹnu rẹ̀. Kí wọ́n fi ọwọ́ pa ẹ̀gẹ́ rírin náà: ṣé ó kúnná? Ṣé ègé ńlá wà nínú rẹ̀?

Níbi yìí ni ìwé kíkà àti kíkọ ti ń di irinṣẹ́. Kí àdéhùn wà ní kíkọ: irú irin tí a ó lò, iye owó, iye tí a ti san, ọjọ́ tí ẹ̀rọ yóò jáde, iye oṣù tí alágbẹ̀dẹ yóò fi tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ìhà méjèèjì fọwọ́ sí i, kí ẹgbẹ́ sì mú ẹ̀dà kan. Ẹni tí ó lè ka ìwé yìí fúnra rẹ̀ kò ní máa wá ọmọ iléèwé kiri láti bi í pé kí ni ó wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀rọ gbogbo ènìyàn kò gbọdọ̀ di ẹ̀rọ aláìlólúwa

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí kò mọ iṣẹ́ tirẹ̀ á máa wo ọwọ́ kejì. Kí ẹgbẹ́ tó gbé ẹ̀rọ wọlé, kí ó ti yan ẹni tí yóò máa bójú tó o, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹnì kan bá fẹ́ kúrò nínú ẹgbẹ́. Òfin OHADA lórí àwọn ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, tí a gbà ní Lomé ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá ọdún 2010, tí ó sì kan Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, fàyè gba ènìyàn 5 láti dá ẹgbẹ́ kékeré sílẹ̀ lábẹ́ òfin. Ẹgbẹ́ tí ó bá ní ìwé bẹ́ẹ̀ lè ní ẹ̀rọ ní orúkọ ara rẹ̀; kò ní di ogún ọkọ tàbí ẹ̀gbọ́n ẹnikẹ́ni.

Kí àpótí àtúnṣe wà pẹ̀lú. Bí ẹgbẹ́ bá ń yọ 1 000 fáránkì sọ́tọ̀ lórí 1 000 kílò ẹ̀gẹ́ kọ̀ọ̀kan, tí ó sì ń ṣe 2 000 kílò lọ́sẹ̀, nǹkan bí 104 000 fáránkì ni yóò wà nínú àpótí ní òpin ọdún. Ọjọ́ tí síkúrù bá jẹ tàbí tí agbada bá lu, wọn kò ní máa wo ojú ara wọn. Kí a máa kọ owó náà sínú ìwé, kí a sì máa kà á sókè ní ìpàdé.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ni ó ń le koko. Ẹgbẹ́ tí ó kọ́kọ́ kọ́ ààrò tí ó dára, tí ó ra ẹ̀rọ tí ń fún omi, tí ó sì ń kọ ìṣirò rẹ̀ sílẹ̀, ọjọ́ ń bọ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ yóò pọ̀ débi pé ìdí ẹ́ńjìnnì ẹlòmíràn ni yóò ti máa dúró. Ọjọ́ náà ni ó tó àkókò láti ra ẹ̀rọ tí ń rin ẹ̀gẹ́. Nígbà náà, ariwo rẹ̀ láàárọ̀ yóò jẹ́ ariwo iṣẹ́ tí ń lọ, kì í sì í ṣe ti gbèsè.